Àyè tí Wọ́n Fi Sílẹ̀ fún Ìyá Mi

Ẹ̀rọ tí ìyá mi fi ń mí máa ń kùn láti àárọ̀ dé alẹ́, bí ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá. Tí ẹ bá yà sílé wa ní Oǹdó, òun ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Mo ti mọ ohùn rẹ̀ débi pé tó bá yí padà díẹ̀, àyà mi á ti já kí n tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyá mi ní kì í dí òun lọ́wọ́ oorun, pé bí òjò wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ lórí páànù ló rí létí òun. Èmi ò fi wé òjò o. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti fi nǹkan rere wé òjò.

Kòkó ló jẹ ẹ̀dọ̀fóró ìyá mi. Dókítà ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní èéfín àti eruku ọ̀pọ̀ ọdún ni. Ṣùgbọ́n níbo ló ti rí èéfín, níbo ló ti rí eruku, bí kì í bá ṣe nídìí kòkó? Bí oòrùn ò bá ràn, wọ́n á dáná sábẹ́ kòkó kí ó lè gbẹ, òun ló sì máa ń jókòó tì í, á máa rò ó, á máa wúkọ́. Kòkó ló kọ́ ilé tí bàbá mi fi sílẹ̀. Kòkó ló rán èmi àti àbúrò mi ọkùnrin níléèwé. Gbèsè tí kòkó kò gbà lọ́wọ́ wa nígbà yẹn, ara ìyá mi ló ti wá gbà á.

Nígbà tó di pé kò lè ti yàrá dé ẹnu ọ̀nà láì fọwọ́ ti ògiri, a gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Oǹdó. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Wọ́n wá ní kí a máa mú un lọ sílé, ṣùgbọ́n kí a ra ẹ̀rọ kan tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ bí ẹní ń sẹ́ ògì, tó ń fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gbé èyí tó dára nínú rẹ̀ lọ sí imú aláìsàn. Dókítà ní kó máa lò ó tọ̀sán tòru. Àbúrò mi ní, "Tí kò bá wá síná ńkọ́, dókítà?" Ọkùnrin náà wò wá títí. "Ẹ má jẹ́ kí iná lọ," ó wí. Ó dùn mí, mo sì fẹ́ bi í pé ìlú wo ló rò pé a ń gbé, ṣùgbọ́n kò sí èébú nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Láti ọjọ́ náà, ohun kan ṣoṣo ni ìdílé wa ń lé kiri: kí iná má kú lórí ìyá wa.

Àkúrẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe. Ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ló dáwó ra tiransifọ́mà fúnra wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Iná wa dára ju ti Oǹdó lọ, nítorí náà, ọ̀dọ̀ mi ni a kọ́kọ́ gbé màmá wá. Ó jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú rọ́bà rẹ̀ nímú, ó sì ń fi Àkúrẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìjù, tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, máa ń gbé iṣu wá fún un láti oko wọn. Á ní, "Màmá, mo gbé usu wá fún un yín o." Tó bá ti lọ tán ni ìyá mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, bíi pé òun tó ń pe ilé ní "ulí" kò rí tara rẹ̀. Inú mi dùn láwọn ọjọ́ yẹn. Mo rò pé a ti borí.

Òjò àkọ́kọ́ ọdún ló kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ọ̀sán ni. Ìjì ló ṣáájú òjò náà, irú ìjì tí mi ò rí rí ní gbogbo ọdún tí mo ti wà ní Àkúrẹ́. Páànù ń fò lórí ilé onílé. Òpó iná tó wà ní ìkóríta wa kọ́kọ́ tẹ̀, ó dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń ronú, ó wá wó, ó sì fi okùn iná fa èkejì rẹ̀ lulẹ̀, ìyẹn náà sì fa ẹ̀kẹta. Nínú yàrá, ẹ̀rọ ìyá mi ké fíín, ó dákẹ́. Ìyá mi ò pariwo. Ó kàn gbé ojú sókè wò mí, ó ń mí bí ẹni tó ń gun òkè.

Mo tan jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ń gbé èéfín jẹnẹrétọ̀ gba fèrèsé wọlé. Ìyá mi ń wúkọ́. Mo ti fèrèsé, ooru dé. Mo ṣí i, èéfín dé. Màmá ní, "Ọma mi, ṣebí èéfín náà la sá fún ní Oǹdó?"

Ẹgbẹ́ onílé ṣèpàdé. Wọ́n gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n gba ti ìparí. Láàárín méjèèjì, wọ́n pinnu pé ojú ihò tí òpó ti yọ náà ni kí wọ́n tún ri òmíràn sí. Mo dìde, mo ní ṣé kò yẹ kí wọ́n gbẹ́ ihò náà jìn sí i, kí wọ́n da kọnkéré sí i lẹ́sẹ̀, kí wọ́n sì gé àwọn ẹ̀ka igi tó fara kan okùn iná. Bàbá kan dá mi lóhùn pé irú ìjì bẹ́ẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo wọn ṣe àmín, bíi pé àdúrà ló ń gbà. Kí oṣù náà tó parí, ìjì náà tún wá, òpó tuntun náà sì lọ bá èyí tó ṣáájú rẹ̀ nínú gọ́tà.

Ìyá mi ní kí a gbé òun padà. "Ẹ gbé mi lọ sí ulí mi. Bí n kò bá ní rí iná, kí n rí ojúde ara mi." A gba àgbá afẹ́fẹ́ onírin kan nílé ìwòsàn tó máa gbé e délé, àbúrò mi sì wakọ̀. Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó, òpó iná ni mò ń wò. Mi ò kà wọ́n sí rí tẹ́lẹ̀. Òmíràn ti tẹ̀ sójú ọ̀nà, òmíràn ti tẹ̀ sí inú oko kòkó, igi sì dábùú okùn iná níbi tó pọ̀ ju ohun tí mo fẹ́ rántí lọ. Ìyá mi sùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó lọ́kàn pé gbogbo èémí rẹ̀ ló gbára lé igi gbígbẹ tí wọ́n rì sínú ilẹ̀ rírọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilé wa ṣe rí. Ilé kékeré ni, ti ayé àtijọ́, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Iwájú rẹ̀ ni a sin bàbá mi sí, lábẹ́ sìmẹ́ńtì gbọọrọ kan tí oòrùn máa ń bá láti àárọ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi àyè kan sílẹ̀ sí, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ká. Ti ìyá mi nìyẹn. Ọjọ́ tí a sin bàbá mi ló fúnra rẹ̀ sọ fún bíríkìlà pé kó fi í sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá a dúró tó bá ń bọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ò tètè ń lọ, ó gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ náà dára, ewé rẹ̀ fẹ̀. Á já a, á fi se ọbẹ̀, á sì pè wá wá jẹun. Àbúrò mi máa ń jẹ ẹ́. Èmi ò jẹ ẹ́ rí. "Ìwọ lo mọ̀," ni ìyá mi máa ń wí, "ilẹ̀ tó máa jẹ mí, mo ti ń jẹ ẹ́ ṣáájú."

A pe ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe iná sólà. Ọmọ Òkìtìpupa ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù sí Oǹdó. Ó gun orí ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́ sínú pálọ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọn eruku ara rẹ̀. "Ikán ti jẹ igi òrùlé yìí. Tí mo bá to sólà lé e, ìjì kan ló máa kó gbogbo rẹ̀ lọ, àti sólà àti òrùlé." Ó ní a lè ṣe ìdajì iṣẹ́ ná. Ó gbé bátìrì wá, ó sì kan àpótí ínfátà mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, èyí tó ń gba iná inú bátìrì fún ẹ̀rọ màmá. Tí iná ìjọba bá dé, bátìrì á mu ún yó. Tí iná bá lọ, ẹ̀rọ á máa bá iṣẹ́ lọ. Àwọn sólà fúnra wọn di ìgbà tí káfíńtà bá pààrọ̀ igi òrùlé.

Ìgbà wo nìyẹn? Kò sẹ́ni tó ń ṣí òrùlé láàárín òjò. Káfíńtà wo ìyá mi. Ọmọ sólà wo ìyá mi. Ìyá mi ní, "Ẹ dúró de oṣù kẹjọ."

Ẹni tó bá dàgbà ní ìhà ibí yìí mọ ohun tó ń sọ. Láàárín ìgbà òjò, òjò a máa lọ sinmi. Àwa òṣìṣẹ́ ìjọba ń pè é ní ọ́gọ́ọ̀sì bíréèkì, bíi pé òjò náà ń gba ìsinmi lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìkùukùu á bo ilẹ̀ láàárọ̀, òtútù á mú, ilẹ̀ á gbẹ díẹ̀. Ìgbà náà ni wọ́n ń sá kòkó ìṣáájú, ìgbà náà ni wọ́n ń ṣe òrùlé, ìgbà náà ni wọ́n ń sìnkú, tí wọ́n ń gbéyàwó. Ìgbà náà ni a sin bàbá mi, òjò ò kán sórí ẹnikẹ́ni. Kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ tí yóò wọlé bí ìyá mi. Nígbà tó lókun, àwọn oníkòkó máa ń yà lójúde wa wá bi í pé, "Ṣé ká sá a?" Á yọjú, á gbóòórùn afẹ́fẹ́, á ní ẹ sá a, tàbí kó ní ẹ dúró. Mi ò rántí ọdún tó ṣì í sọ.

A dúró. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń ti Àkúrẹ́ lọ. Iná kékeré kan wà lójú ínfátà náà: àwọ̀ ewé tí bátìrì bá yó, àwọ̀ ìyeyè tó bá ń lọ sílẹ̀, pupa tó bá kù díẹ̀. Iná ìjọba tí à ń retí láti bọ́ bátìrì, òjò ń lé e lọ. Ìjì á fẹ́ níbì kan tí a ò mọ̀, òpó á wó, Oǹdó á ṣókùnkùn fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó bá di pupa, àbúrò mi tó ń bá a gbé á tan jẹnẹrétọ̀ lókèèrè réré lẹ́yìn ilé, á fa wáyà gígùn wọlé. Òjò ọdún yẹn pẹ̀lú kò ṣe bí òjò. Á rọ̀, ooru á sì máa mú lẹ́yìn rẹ̀ bíi pé kò rọ̀. Àwọn tó ń ti oko bọ̀ ń ráhùn pé kòkó ń dúdú lórí igi. Eèrà ń gun ògiri yàrá ìyá mi lọ sókè, wọ́n ń ru ẹyin wọn lójoojúmọ́.

Àbúrò mi gbọ́ lórí rédíò pé ìsinmi òjò lè má rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Ìyá mi gé ẹ̀kọ jẹ, ó gbé e mì. "Rédíò ò sá kòkó rí," ó wí. A rẹ́rìn-ín, gbogbo wa pátá.

Nígbà tí oṣù kẹjọ dé, òjò dá. Mo wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìkùukùu kọ́kọ́ bo ojúde. Ìyá mi fa rọ́bà rẹ̀ dé ibi tó lè gùn dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbóòórùn afẹ́fẹ́. Ojú rẹ̀ tàn. "Ó ti dé," ó wí. Mo rántí bí ọkàn mi ṣe balẹ̀. Káfíńtà kó irin iṣẹ́ rẹ̀ wá, ọmọ sólà sì kó àwọn sólà rẹ̀ wá fẹ̀yìn ti ògiri pálọ̀. Wọ́n gbé màmá lọ sí yàrá ẹ̀yìn, wọ́n sì ṣí páànù kúrò lórí iwájú ilé. Igi tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti di ìyẹ̀fun. Ọwọ́ lásán ni káfíńtà fi ń yọ òmíràn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á fi tapólì bo ibẹ̀. Ọjọ́ kìíní lọ dáadáa, èkejì lọ dáadáa, igi tuntun ń gòkè, ó ń ta òórùn sínú ilé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Ọ̀sán. Mò ń to aṣọ ìyá mi nígbà tí ooru kan ṣàdédé dé, tí afẹ́fẹ́ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Àwọn adìyẹ ojúde wọlé. Ìyá mi gbé orí sókè lórí ibùsùn. Ó tẹ́tí, ó sì gbóòórùn, ojú rẹ̀ ò tàn lọ́tẹ̀ yìí. "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe," ó wí, ó tún un wí. Káfíńtà pariwo lókè pé kí wọ́n ju tapólì sókè fún òun. Kó tó gbà á tán, ìjì ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A rí tapólì náà bó ṣe fò kọjá lórí sàréè bàbá mi, a ò tún rí i mọ́ títí dòní.

Òjò wá rọ̀ sínú ilé wa. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ẹni tí kò rí i. Ó rọ̀ sórí àga, ó rọ̀ sórí fọ́tò bàbá mi, ó rọ̀ sórí tẹlifíṣàn, ó sì rọ̀ sórí àpótí tó wà lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ sólà ké pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ó fi igi gbígbẹ tẹ ojú rẹ̀ pa. Nínú yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rọ náà ké fíín, ó dákẹ́. Mi ò gbọ́ òjò mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn nìkan ni mò ń gbọ́.

Iná ìjọba ti lọ, àgbàrá sì ti bo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. A so rọ́bà àgbá afẹ́fẹ́ tó kù nílé mọ́ imú rẹ̀. Èyí tó wà nínú rẹ̀ ò pọ̀. Àgbàrá ti gba ojú ọ̀nà wa, mọ́tò ò lè jáde. Àbúrò mi gbé àga onígi tí bàbá mi máa ń jókòó lé lẹ́nu ọ̀nà wá, ó gbé ìyá wa lé e. Òun àti káfíńtà gbé àga náà sókè, ọmọ sólà gbé àgbá afẹ́fẹ́, èmi fi ankárá méjì bo màmá, ọwọ́ mi sì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Omi dé orúnkún wa. Ètè ìyá mi ti ń dúdú. Mò ń bẹ Ọlọ́run, mò ń bú òjò, mi ò mọ èyí tí mò ń ṣe pariwo nínú méjèèjì. Ìyá mi ń sọ nǹkan. Mo tẹ etí sí i lẹ́nu. "Mo ní ó ti dé," ló ń sọ. "Mo sọ fún yín pé ó ti dé."

A rí kẹ̀kẹ́ márúwá kan ní títì, a dé ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì yọ wá. Ó lo ọjọ́ mélòó kan níbẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀ dáadáa, ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé òjò ti dá?" Kò tíì dá. Gbogbo ìyókù oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni òjò fi rọ̀, pẹ̀lú ìbínú, bíi pé wọ́n ní kó san ọjọ́ tó fi sinmi padà. Ìyá mi kọjú sí ògiri. Mo rò pé ó sùn ni, àfi ìgbà tí mo rí èjìká rẹ̀ tó ń gbọ̀n. N kò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí bàbá mi kú. "Ẹni tí mo mọ̀ ni mo rò pé ó ń bọ̀," ó wí. "Ìrìn rẹ̀ ni, ìkùukùu rẹ̀ ni, òórùn rẹ̀ ni. Ẹlòmíì ló wọlé." Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí nínú àgbàrá lọ, nítorí mo ti máa ń rò látilẹ̀ pé bí gbogbo wa bá ṣì í, òun kò ní ṣì í.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, a sáré ṣe ìwọ̀n tí a lè ṣe. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, bátìrì ò bàjẹ́, wọ́n pààrọ̀ ínfátà. Àwọn sólà náà wà ní pálọ̀, ohunkóhun ò ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n káfíńtà kan páànù àtijọ́ padà lé orí igi tuntun láì parí iṣẹ́, ó sì búra pé òun ò tún gun òrùlé yẹn títí ọ̀gbẹlẹ̀ yóò fi dé gidi. Ibo ni a ó to sólà sí? Ọmọ sólà rin àyíká ilé. Ẹ̀yìn ilé wà lábẹ́ òjìji pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò. Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ilé lọ. Ó yí po, ó yí po, ó wá dúró níwájú ilé. Gbogbo wa ló rí ohun tó ń wò.

"Rárá o," àbúrò mi wí.

"Bàbá mi kì í ṣe tábìlì," mo fi kún un. Ohùn mi le, ọmọ náà sì tẹrí ba.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá mi jókòó sí, àgbá afẹ́fẹ́ ilé ìwòsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Orí kí ni mo ti ń sá kòkó láti ọdún tí ó ti kú?" Òótọ́ ni. Kò sí ilẹ̀ tó ń gba oòrùn bí sìmẹ́ńtì yẹn lójúde wa. Ọdọọdún ló ń da kòkó lé e, tí á máa fi ẹsẹ̀ tú u, tí á máa bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bàbá yín ò ráhùn kòkó. Kò ní ráhùn sólà."

Ọmọ sólà na okùn ìwọ̀n rẹ̀. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wò. Lẹ́yìn náà, ó wo àbúrò mi bíi pé kó bá òun sọ ọ́. Sìmẹ́ńtì bàbá mi ò gba gbogbo rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì yóò bọ́ sínú àyè tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù yí ká.

Ìyá mi ló fọhùn. "Ẹ tu ẹ̀fọ́ yẹn kúrò. Ẹ gbé e lé tèmi náà. Tí mo bá fẹ́ lò ó, ẹ ó ká a."

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì yí padà lẹ́nu rẹ̀, ó bá rìn lọ sẹ́yìn ilé. Èmi ni mo tu tẹ̀tẹ̀ náà. Ọmọ sólà gbẹ́ ihò, ó sì gbẹ́ ẹ jìn, nítorí ó ti rí ìjì wa lójú. Ó ri irin sí i, ó da kọnkéré lé e. Mo dúró, mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń da kọnkéré sínú ilẹ̀ ìyá mi níṣojú rẹ̀. Nígbà tí ó parí, ó di irin náà mú, ó fi gbogbo ara tì í, kò mì. "Màmá, ìjì ò lè gbé èyí." Ìyá mi bi í bóyá ó ṣeé tú. Ó họ orí. "Kò ní ṣeé tú wẹ́rẹ́, Màmá." Ìyá mi mi orí. "Ó dáa," ó wí.

Ó ti ń lọ sí ọdún kan báyìí. Sólà náà ń ṣiṣẹ́. Òpó a máa wó, Oǹdó a máa ṣókùnkùn, ẹ̀rọ ìyá mi a sì máa kùn. Tí àlejò bá wọlé, wọn kì í mọ ibi tí wọ́n á wò, ìyá mi á sì máa fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n sólà náà oòrùn ló ń jẹ, ọjọ́ tí ojú ọ̀run ń ṣú láti àárọ̀ dé alẹ́ sì ń pọ̀ sí i. Ìyá mi ò yọjú wo sánmà mọ́. Ínfátà ló ń wò. Tí mo bá pè é láti Àkúrẹ́, a kì í bi ara wa pé ṣé àlàáfíà ni. Mo máa ń bi í pé àwọ̀ wo ló wà níbẹ̀.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, káfíńtà yà sílé wa. Oṣù kẹjọ ti ń sún mọ́lé, ìkùukùu sì bo ojúde láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, ó ní òun wá bi í, gẹ́gẹ́ bí ìṣe, ìgbà tó yẹ kí òun wá parí òrùlé tí owó ò jẹ́ kí a ṣe nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ìyá mi ò gbóòórùn nǹkan kan. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Mi ò mọ̀," ó wí. Ọkùnrin náà dágbére, ó lọ.

Lẹ́yìn tó lọ, ojú ọ̀run ṣú. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n mo ní láti tan iná pálọ̀, mo sì tún rántí bátìrì, mo pa á. Iná ojú ínfátà ti kúrò ní àwọ̀ ewé. Afẹ́fẹ́ dákẹ́. Adìyẹ kan wọlé, òmíràn tẹ̀ lé e. Mo lọ gbé àga onígi bàbá mi láti yàrá ẹ̀yìn, mo gbé e sẹ́nu ọ̀nà, mo kọ ojú rẹ̀ síta. Ìyá mi rí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ wá sálúbàtà rẹ̀ kiri nílẹ̀.